Irú Àṣìṣe Wo Ni Màmá Ń Ṣe?

Ẹ̀yin ọmọ mi, nọ́ọ̀sì àti òṣìṣẹ́ ìlera ní Owódé Ẹ̀gbá, Mowe, Ibafo àti Ifọ̀, bí wọ́n bá gbé màmá kan wá, tí ọmọ rẹ̀ ní "ó ti ń ṣarán", ẹ má kàn kọ "ìgbàgbé" sínú fáìlì. Ẹ wo irú àṣìṣe tó ń ṣe.

Ẹ sọ ìtàn kúkúrú fún un: obìnrin kan ru ìrẹsì ọ̀fadà lọ sọ́jà, òjò ká a mọ́ ọ̀nà. Ẹ bá a sọ nǹkan mìíràn díẹ̀, kí ẹ wá ní kó tún un sọ. Bí kò bá rántí, ẹ ta á lólobó: "Ṣé gàrí ló rù ni, àbí ìrẹsì?" Bí ìtàn bá wá sí i lẹ́nu, ó wà nípamọ́, àtimú un jáde ló ṣòro. Ó wọ́pọ̀ lára ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ríru ti ba iṣan tín-ín-rín inú ọpọlọ rẹ̀ jẹ́. Bí olobó ò bá ràn án lọ́wọ́, tó ní òun ò gbọ́ ìtàn kankan, ẹ fura sí Alzheimer. Hippocampus, apá ọpọlọ tó wà nínú lọ́hùn-ún lọ́gangan etí, wà lára ohun tó máa ń kọ́kọ́ sunkì; òun ló ń bá wa fi ọ̀rọ̀ tuntun pamọ́. Ìdí nìyẹn tí màmá fi lè ka orúkọ àwọn ẹlẹgbẹ́ ìgbà èwe rẹ̀ láìṣì, tí kò sì mọ̀ pé òun ti jẹun.

Èyí tó ń tú ilé ká ni kí ẹ kíyè sí jù. Màmá á ní, "Ìyàwó ò fún mi lóúnjẹ láti àná," epo ẹ̀fọ́ sì wà ní ìka ọwọ́ rẹ̀. Irọ́ kọ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ò sí nípamọ́, ọpọlọ wá fi òmíràn dí àyè rẹ̀. Iwájú ọpọlọ tó yẹ kó yẹ̀ ẹ́ wò náà lè ti dẹ́kun. Ẹ pe ìyàwó ọmọ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ẹ là á yé e, kí ẹ tó là á yé ọkọ. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pe ìyá arúgbó ní òpùrọ́, tàbí kí wọ́n mú un lọ síbi tí wọn yóò ti ní kó jẹ́wọ́ àjẹ́. Ó ń dùn mí wọra.

Ẹni tó ń rí ọmọdé tí kò sí níbẹ̀, tí ọpọlọ rẹ̀ ń já gaara lónìí, tó ń dàrú lọ́la, ó lè jẹ́ Lewy body. Ẹ má sáré fún un ní haloperidol. Ó lè ṣe é léṣe gidi. Èyí tí ìwà rẹ̀ ti yí padà kí ìgbàgbé tó dé, iwájú ọpọlọ ni kí ẹ ronú sí. Bó bá sì jẹ́ pé ọjọ́ mélòó kan péré sẹ́yìn ló bẹ̀rẹ̀, ẹ wá ibà, àrùn inú ìtọ̀ àti oògùn tó ń lò ná.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọ̀ṣúntókun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ìwádìí lórí àrùn ìṣarán (dementia) ní Ìdíkàn, n'Íbàdàn, láti 1992, pẹ̀lú àwọn ará Indianapolis. Ìbéèrè wọn ò nílò ìwé kíkà, wọ́n sì ń bi ará ilé léèrè. Èsì tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 2001 ni pé láàárín ọdún kan, ìdá 1.35 nínú 100 àwọn àgbà Yorùbá ni àrùn náà ń mú, 3.24 sì ni láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà ní Indianapolis.

Torí náà, ẹ bi ọmọ rẹ̀ nígbà tó bẹ̀rẹ̀ àti bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ màmá bó ti sọ ọ́ gan-an, pẹ̀lú ọjọ́ àti wákàtí, kí ẹ fi lé ọmọ náà lọ́wọ́ pẹ̀lú gbogbo oògùn màmá, nígbà tí wọ́n bá ń lọ sí ilé ìwòsàn ọpọlọ ní Arò, l'Abẹ́òkúta.