Ṣé ibà ló ń ṣe mí ni, àbí wàhálà?

Ẹ jọ̀wọ́, láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yìí mo ti lo oògùn ibà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mo tún gba abẹ́rẹ́ táífọ́ọ̀dù, síbẹ̀ ara mi ò yá. Orí a máa gbóná mi bí ẹni pé wọ́n fi ata kùn ún. Ní nǹkan bí aago méjì òru, ojú mi á là, oorun ò ní padà mọ́. Ìkòròdú ni mò ń gbé, Erékùṣù Èkó ni mo ti ń ṣiṣẹ́, aago mẹ́rin ààbọ̀ ni mo ń jí. Lọ́jọ́ kan ọmọ mi bi bàbá rẹ̀ pé kí ló dé tí Mọ́mì máa ń bínú sí àwọn. Aládùúgbò mi ní kí n tètè wá wòlíì lọ. Kí ló ń ṣe mí? — Abiyamọ kan, Ìkòròdú.

Abiyamọ, ẹ kú ìrọ́jú. Nínú gbogbo ohun tí ẹ kọ, ìbéèrè ọmọ yẹn ló ká mi lára jù. Orí gbígbóná lè ti ibi púpọ̀ wá, àìrí oorun sùn náà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ mọ bí ìyá rẹ̀ ṣe máa ń ṣe. Bó bá ní ẹ ti yí padà, ẹ ti yí padà nìyẹn. Bí a ṣe ń dá másùnmáwo mọ̀ lára ẹni gan-an nìyẹn: ká wo bí a ṣe rí tẹ́lẹ̀ àti bí a ṣe rí báyìí. Ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ tẹ́lẹ̀, bó bá dákẹ́, kò sí nǹkan tó ṣe é. Ṣùgbọ́n bí ọlọ́yàyà bá bẹ̀rẹ̀ sí í wo fóònù tó ń dún láì gbé e, ọ̀rọ̀ wà ńbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ọmọ náà mọ̀ lónìí pé kò ṣẹ̀ yín.

Ìdààmú kì í mọ sínú ọkàn nìkan. Bó bá ti dé, ara á tú èròjà tí wọ́n ń pè ní adrenaline àti cortisol sínú ẹ̀jẹ̀: àyà á máa lù kìkì, mímí á yára, iṣan ọrùn àti èjìká á le, oúnjẹ ò ní dà bó ṣe yẹ. Bó bá jẹ́ ajá ló ń lé èèyàn, kò ní pẹ́ tán. Ti gbèsè àti súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ kì í tán bọ̀rọ̀, ara ò sì mọ ìyàtọ̀ wọn. Láti 1936 ni onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Hans Selye, ti kọ ọ́ nílùú Montreal pé ìbáà jẹ́ òtútù, ìbáà jẹ́ ọgbẹ́, ìbáà jẹ́ oògùn olóró, àmì kan náà ló ń yọ lára àwọn eku tó fi ṣèwádìí, egbò inú ikùn sì wà lára rẹ̀.

Ní ti orí tó ń gbóná, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi dẹ́rù bà yín. Raymond Prince, oníṣègùn ọpọlọ ọmọ ilẹ̀ Kánádà, kọ nípa irú rẹ̀ lọ́dún 1960: àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ wa ló ń ráhùn pé orí ń gbóná àwọn, nǹkan ń rìn lórí àwọn, ìwé ò sì wọlé mọ́. Ẹ máa gbàdúrà yín, ṣùgbọ́n ilé ìwòsàn ni kí ẹ kọ́kọ́ yà.

Oògùn ibà yẹn ló dùn mí. Bó bá ti rẹ̀ wá díẹ̀ báyìí, ọ̀dọ̀ oníkẹ́mísì ni, láìṣe àyẹ̀wò kankan. Ó rọrùn fún wa láti sọ pé ibà ni ju ká sọ pé ayé ti sú wa lọ. Àyẹ̀wò ibà tí wọ́n fi ń gún ìka kì í ju nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú lọ. Bó bá ní kò sí ibà, oògùn ẹlẹ́ẹ̀kẹrin ò ní ohun tí yóò wò. Àyẹ̀wò Widal tí wọ́n fi ń wá táífọ́ọ̀dù náà sì máa ń sọ pé ó wà níbi tí kò sí.

Síbẹ̀, ẹ má dá a pinnu pé másùnmáwo ni. Kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò. Bó bá ń wà ní 140/90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ léraléra, ó fẹ́ ìtọ́jú. Kí wọ́n wo ṣúgà, kí wọ́n wò ó bóyá ẹ̀jẹ̀ yín pé. Bí àyà bá ń dùn yín, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ lọ.

Fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí ẹ tó sùn, ẹ máa kọ ọ́ sínú ìwé kékeré kan: wákàtí tí ẹ sùn, oúnjẹ tí ẹ jẹ, ibi tó ń ro yín, ẹni tí ẹ jágbe mọ́, àti nǹkan oṣù bó bá yẹ̀. Ó lè wá hàn pé alẹ́ ọjọ́ Àìkú lorí ń gbóná jù, nígbà tí iṣẹ́ ọ̀la ti wà lọ́kàn. Ibà kì í mọ ọjọ́ tí iṣẹ́ ń bẹ̀rẹ̀.

Mi ò ní sọ pé kí ẹ lọ sinmi, bí gbogbo èèyàn ṣe ń sọ. Ó kéré tán, wákàtí méje ni àgbàlagbà nílò fún oorun. Ẹni tó ń jí láago mẹ́rin ààbọ̀ yẹ kó ti sùn láago mẹ́sàn-án ààbọ̀, mo sì mọ̀ pé lálẹ́ mìíràn inú ọkọ̀ lẹ ṣì wà nígbà yẹn. Nítorí náà ọ̀rọ̀ yìí kan bàbá àwọn ọmọ. Ẹ fún wọn ní èsì yìí kà. Kí wọ́n gba ìwẹ̀ àti oúnjẹ àárọ̀ àwọn ọmọ lọ́wọ́ yín. Ilé tiwọn náà ni. Ẹ sì bi ọ̀gá yín bóyá ẹ lè máa ṣiṣẹ́ láti ilé lọ́jọ́ kan lọ́sẹ̀. Wọ́n lè kọ̀, ṣùgbọ́n ẹ béèrè.

Bó bá di pé ẹkún ń gbọ̀n yín láìnídìí, tàbí tí èrò pé ó sàn kí ẹ kú bá wá sọ́kàn, ẹ má dúró de ọ̀sẹ̀ méjì o. Ẹ sọ fún ẹnìkan lọ́jọ́ náà, kí ẹ sì lọ. Ilé ìwòsàn ọpọlọ Yábàá àti ti Àrò l'Ábẹ́òkúta kì í ṣe fún ẹni tó ti wọ ọjà nìkan. Ọ̀pọ̀ ló ń gba ìtọ́jú níbẹ̀ tí wọ́n ń lọ síbi iṣẹ́ wọn.

Ẹ̀jẹ̀ ríru ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò, lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ kọ nọ́ńbà tí wọ́n bá rí sínú ìwé kékeré yẹn, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí mi.