Ẹ Jẹ́ Kí A Rìn Lẹ́bàá Odò

Ẹ̀kọ́ wa ti oṣù yìí kì í ṣe èyí tí a lè jókòó sórí ẹní kí a sì parí rẹ̀. Ó ń fẹ́ bàtà tó le, ó sì ń fẹ́ ojú tó ń wòye.

Ọmọ ilé-kéwú tó bá ti ka ìwé Akhdari yóò mọ ohun tí a kọ́ wa nípa omi. Omi tí a ó fi ṣe àlùwàlá, kò gbọdọ̀ jẹ́ èyí tí epo, ọ̀rá, ọṣẹ tàbí ìdọ̀tí ti yí àwọ̀ rẹ̀, adùn rẹ̀ tàbí òórùn rẹ̀ padà. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ erùpẹ̀ tàbí ẹrẹ̀ ni ó pa á láwọ̀ dà, kò sí aburú níbẹ̀. Àwọn ọmọ wa mọ ẹ̀kọ́ yìí sórí dáadáa. Síbẹ̀, èwo nínú wọn ni a ti mú lọ sí etí odò rí, kí ó fi ojú ara rẹ̀ mọ ìyàtọ̀ láàrin omi ẹlẹ́rẹ̀ àti omi ẹlẹ́gbin? Ìdí nìyí tí a fi kó ọmọ mẹ́rìndínlógún jáde ní ọjọ́ Sátidé kan nínú ẹ̀ẹ̀rùn, lẹ́yìn ìrun Àsùbáà, láti tẹ̀lé odò Ògùnpa nínú ìlú Ìbàdàn. Arákùnrin kan nínú ẹgbẹ́ wa, tó kọ́ ẹ̀kọ́ nípa ohun abẹ̀mí ní yunifásítì, ni ó ṣe amọ̀nà wa.

ÌDÍ TÍ A FI YAN ÒGÙNPA

Àwọn òbí yín mọ orúkọ odò yìí, ẹ̀rù sì ni wọ́n fi ń rántí rẹ̀. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980, òjò rọ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí, Ògùnpa sì kún bo ilé àti ọ̀nà. Ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ènìyàn ni ó bá a lọ. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011, omíyalé tún ṣọṣẹ́ ní Ìbàdàn, ó sì pa ènìyàn tó ju 100 lọ. Kì í ṣe òjò nìkan ni ó jẹ̀bi. Ilé tí a kọ́ sí ojú ọ̀nà omi àti pàǹtírí tí a ń dà sínú odò wà nínú ohun tó fa ìparun náà. Omi tí kò bá rí ọ̀nà tirẹ̀ gbà, inú ilé wa ni yóò gbà.

IBÙDÓ KÌÍNÍ: ỌGBÀ AGODI

Ní Agodi ni a ti sé Ògùnpa di adágún. Amọ̀nà wa ní kí gbogbo wa dákẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí olúkúlùkù máa ka ohun tó bá rí. A rí lékeléke, a rí ọmọ ọ̀pọ̀lọ́ tó ṣì ní ìrù, a rí lámilámi tó ń fò lókè omi. Ó wá ṣàlàyé pé inú omi ni ọmọ lámilámi ti ń dàgbà kí ó tó hu ìyẹ́, tanwíjì sì wà lára oúnjẹ rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá ba ilé lámilámi jẹ́ ń bá ẹ̀fọn ṣiṣẹ́ láìgba owó.

Ó fi gbòǹgbò igi tó wà létí omi hàn wá. Gbòǹgbò wọ̀nyí ń di ilẹ̀ mú kí àgbàrá má baà wọ́ ọ lọ, ẹja kéékèèké sì ń sá pamọ́ sí abẹ́ wọn. Òjìji igi ń mú kí omi tutù, omi tútù a sì máa gba afẹ́fẹ́ tí ẹja ń mí dúró ju omi gbígbóná lọ.

IBÙDÓ KEJÌ: NÍTÒSÍ ỌJÀ

Nígbà tí a dé apá ọjà Ògùnpa, kò sí ẹni tó ní kí a dákẹ́, ṣùgbọ́n gbogbo wa dákẹ́. Kọnkéré ni wọ́n fi kọ́ ògiri odò níbẹ̀. Ọ̀rá, ike àti epo mọ́tò wà lójú omi, a sì ti gbọ́ òórùn rẹ̀ kí a tó rí i. Àwọn àmì tí a kọ́ nínú ìwé ló wà níwájú wa yìí, kò sì sí ẹni tí a ní láti sọ fún pé kí ó má tọ́ ọ wò.

Ẹ má ṣe bú kọnkéré náà o. Wọ́n kọ́ ọ kí omi lè tètè kọjá, kí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 1980 má baà tún ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n ibi tí kò sí gbòǹgbò, tí kò sí òkúta, kò sí ibùgbé fún ẹja. Pàǹtírí tó bá sì ń jẹrà a máa gba afẹ́fẹ́ inú omi tán. Bí ẹ bá rí ẹja àrọ̀ kan níbẹ̀, ẹ má tíì yọ̀. Àrọ̀ a máa gòkè wá mí lójú omi, ìdí nìyí tí ó fi lè gbé ibi tí ẹja mìíràn ti kú.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọkùnrin wa fẹ́ bá ìyá kan tó ń da ìdọ̀tí wí. Ìyá náà yíjú sí wa, ó ní: “Áfáà, ẹ má bínú o. Ẹ sọ ibi tí kí n dà á sí fún mi.” A kò rí èsì fún un. Ọ̀rọ̀ kí á máa wí ẹlòmíràn ti tán lẹ́nu wa ní ọjọ́ náà.

IBÙDÓ KẸTA: Ẹ̀YÌN ILÉ TIWA

Bí a ti ń darí bọ̀, a gba ẹ̀bá kòtò omi tó ń ṣàn láti àdúgbò wa lọ sínú odò. Ọmọbìnrin kan tọ́ka sí àpò kan tó dí ẹnu kòtò náà, ó ní: “Áfáà, àpò ilé-kéwú wa nìyẹn.” Òótọ́ ni. Ọ̀rá omi tí àwọn ọmọ mu àti ìwé tí wọ́n ya ni ó kún inú rẹ̀. Ní gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni a máa ń ní kí wọ́n gbálẹ̀, a kò sì béèrè rí ibi tí wọ́n ń da ilẹ̀ náà sí. Àwa tí a ń kọ́ wọn ní ẹ̀kọ́ omi, àwa náà ni a ń bà á jẹ́.

ṢÉ ODÒ LÈ PADÀ SÍPÒ?

Bẹ́ẹ̀ ni. Ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí ọ̀pọ̀ ẹbí wa ń gbé, àwọn onímọ̀ sọ ní ọdún 1957 pé odò Thames ti kú láàrin ìlú. Ìjọba tún ilé-iṣẹ́ tí ń fọ omi ẹ̀gbin ṣe, wọ́n sì fi òfin de àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń da májèlé sínú odò. Ní 1974, wọ́n rí ẹja sámọ́nì níbẹ̀, ẹja tí kì í gbé inú ẹ̀gbin. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé a kọ́kọ́ dá ẹ̀gbin dúró ná. Lẹ́yìn èyí ni a tó lè gbin igi àti koríko sétí odò, tí ẹ̀dá inú omi yóò sì máa padà wá.

Ní tiwa, a ra dúrọ́ọ̀mù méjì, a bá àwọn akólẹ̀ ṣe àdéhùn, a sì gba àwọn ìyá tó ń tajà nítòsí láyè láti máa da tiwọn síbẹ̀. Ó kéré, ṣùgbọ́n a ti rí èsì díẹ̀ fún ìbéèrè ìyá náà.

BÍ ẸGBẸ́ YÍN BÁ FẸ́ LỌ

1. Ẹ lọ nínú ẹ̀ẹ̀rùn. Bí ojú ọ̀run bá ṣú, ẹ padà sílé.
2. Ẹ mú ẹni tó mọ odò náà dání, ẹ sì gba ìyọ̀ǹda àwọn òbí.
3. Ẹ má wọ inú omi. Inú ìgbín omi kéékèèké ni kòkòrò àtọ̀sí ajá, tí ń mú kí ènìyàn máa tọ ẹ̀jẹ̀, ti ń dàgbà, ara ni ó sì ń gbà wọlé.
4. Ẹ kọ ohun tí ẹ bá rí sílẹ̀ ní ibùdó kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì padà lọ ní ọdún tó tẹ̀lé e láti fi wé ara wọn.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Kí ni ìyàtọ̀ láàrin omi tí ẹrẹ̀ pa láwọ̀ dà àti èyí tí epo bà jẹ́?
2. Kí ni ó fà á tí ẹja àrọ̀ nìkan kò fi tó láti fi mọ̀ pé odò kan mọ́?
3. Níbo ni ìdọ̀tí mọ́ṣáláṣí tàbí ilé-kéwú yín ń lọ? Ẹ má dáhùn èyí lórí ìjókòó. Ẹ dìde lọ wò ó.

Kí Ọlọ́run fi òye yé wa. Àmín.