Ọmọ òyà kì í ṣe degu, ṣùgbọ́n mọ̀lẹ́bí ni wọ́n

Olóòtú wa: Ẹja gbígbẹ ni mo ń tà ní ọjà Igbókòdá, àmọ́ ilé wa wà létí òkun, lápá Ayétòrò. Lóṣù tó kọjá, àbúrò ọkọ mi mú ọmọ òyà kan bọ̀ láti inú pápá, ó ní ìyá rẹ̀ kó sí pàkúté. Àbígbẹ̀yìn mi, ọmọ ọdún 13, gbà á, ó ní òun máa sìn ín. Ó rí ẹran kan tí wọ́n ń pè ní degu lórí fóònù, ó ní ìkan náà ni wọ́n. Láti ìgbà yẹn ni kò ti jẹ́ ká sinmi. Ó ní kò gbọdọ̀ jẹ ìrèké, ó ń bu yanrìn etíkun sínú abọ́ pé kó fi wẹ̀, ó sì tún ń fún un ní pupuru àti bísíkíìtì. Ẹran náà ń rún pákó ilé wa lóru. Àwọn ará àdúgbò ní ibà Lassa ni mo fẹ́ kó wọlé. Ṣé kí n jù ú nù ni? Ọmọ náà ti ń sunkún.
Ìyá Àbígbẹ̀yìn, Ìlàjẹ.

Ìyá Àbígbẹ̀yìn, ẹ kú wàhálà ọmọ. Ẹ má jù ú nù. Ẹ má sì bá àwọn ará àdúgbò jà, nítorí ọ̀rọ̀ Lassa tí wọ́n sọ kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fi ṣeré ní ìpínlẹ̀ Oǹdó. Màá dé ibẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ bá mi yin ọmọ yín, nítorí ohun tó rò kò jìnnà sí òtítọ́. Degu tó rí lórí fóònù, orílẹ̀-èdè Chile ló ti wá, lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè tí òjò kì í fi bẹ́ẹ̀ rọ̀ sí. Molina, àlùfáà kan tó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ náà, ló kọ́kọ́ kọ ọ́ sínú ìwé ìmọ̀ ní 1782. Lónìí, wọ́n ń tà á ní ṣọ́ọ̀bù ẹran ọ̀sìn nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ń sìn ín nínú ilé. Nínú gbogbo ẹran tó ń fi eyín rún nǹkan, agboolé kan náà ni àwọn onímọ̀ kó degu, òyà àti òòrẹ̀ sí. Eku ilé kò sí níbẹ̀, òkété náà kò sí níbẹ̀. Ìhòòhò ni ọmọ eku ilé máa ń wáyé, ojú rẹ̀ á sì dì pa. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí òyà bá bímọ lọmọ ti máa ń lajú, irun ti bo ara rẹ̀, kò sì ní pẹ́ tí yóò fi máa sáré. Abájọ tí oyún òyà fi ń tó oṣù márùn-ún, tí ti degu ń tó oṣù mẹ́ta, tí ti eku ilé kì í fi bẹ́ẹ̀ ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ.

Kí ẹ lè mọ̀ dájú pé òyà ni wọ́n mú wá fún yín, ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wo eyín iwájú rẹ̀ lókè. Àwọ̀ ọsàn ni wọ́n máa ń ní. Ẹ ó rí ilà gbọọrọ mẹ́ta tó là lára eyín kọ̀ọ̀kan láti òkè dé ìsàlẹ̀. Eyín yìí kò ní dẹ́kun híhù títí ẹran náà yóò fi kú, ìdí nìyẹn tó fi ń rún pákó yín. Kò bínú sí ilé, eyín ló ń yún un. Bí kò bá rí nǹkan líle rún, eyín á gùn kọjá ibi tó yẹ, kò ní lè pa ẹnu dé mọ́, ebi ni yóò sì pa á kú. Bákan náà lọ́rọ̀ rí fún degu. Ẹ máa ju ẹ̀ka gúáfà àti ìdí eèsún tó ti le sí i. Ní ti àgò, pákó nìkan kò lè gbà á dúró. Àwọ̀n irin ni kí ẹ fi yí i ká nínú, kí ẹ sì fi kọ́kọ́rọ́ tì í.

Oúnjẹ ni ọmọ yín ti da nǹkan pọ̀ jù. Ó fi ìrèké du ẹran, ó wá ń fún un ní bísíkíìtì! Òótọ́ ni pé degu kò gbọdọ̀ jẹ nǹkan dídùn, nítorí ara rẹ̀ kò mọ bí a ṣe ń lo ṣúgà. Àtọ̀gbẹ máa ń tètè mú un, ojú rẹ̀ á sì fọ́. Ti òyà kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ bi àgbẹ̀ onírèké èyíkéyìí nípa ohun tí òyà ti fojú rẹ̀ rí. Igi ìrèké díẹ̀ kò ní pa á lára, á tiẹ̀ tún bá a pọ́n eyín. Pupuru ni kí ẹ mú kúrò, àti bísíkíìtì, àti ohunkóhun tí wọ́n ti dáná sí. Koríko lòun àti degu jọ ń jẹ, inú wọn gùn, wọ́n sì ní àpò ńlá kan tí koríko ti ń wú kí ó tó di oúnjẹ. Bí ẹ bá rí i tó tẹ̀ ba láàárọ̀ tó ń jẹ ìgbẹ́ ara rẹ̀ tó rọ̀, ẹ má ṣe lù ú. Oúnjẹ tí kò tíì jẹ tán lẹ́ẹ̀kan ló ń jẹ lẹ́ẹ̀kejì.

Eèsún ni kí ẹ fi ṣe olórí oúnjẹ rẹ̀, kí ewé àgbàdo àti èèpo ẹ̀gẹ́ tí a sá gbẹ tẹ̀ lé e. Ẹ má gé koríko fún un tòun ti ìrì. Ẹ sá a sí abẹ́ òjìji kó rọ díẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ inú rẹ̀ á wú. Ẹ̀yin ará etíkun sì ní wàhálà kan tí ará òkè kò ní: ẹ fọwọ́ ra koríko etí omi kí ẹ tó gé e. Láti May 2020 tí kànga epo Ororo-1 ti bú gbàmù lójú òkun Áwóyè, ta ni kò mọ bí epo ṣe ń ṣe omi ní agbègbè yín? Tí ọwọ́ yín bá ń yọ̀, tó ń rùn, ẹ lọ gé koríko níbòmíràn. Omi òjò ni kó máa mu, kì í ṣe omi oníyọ̀.

Abọ́ yanrìn náà ńkọ́? Ẹ gbà á lọ́wọ́ ọmọ yín. Yanrìn gbígbẹ ni degu fi ń nu ọ̀rá ara rẹ̀, nítorí ilẹ̀ gbígbẹ ni wọ́n bí i sí. Àbàtà ni ilé òyà, ó mọ omi í wẹ̀ dáadáa, kò sì wá yanrìn wá.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ìrù gbé e. Awọ ìrù degu máa ń bọ́ sọ́wọ́ èèyàn, ti òyà máa ń já, kò sì ní hù padà. Abẹ́ àyà ni kí ọmọ yín ti fi ọwọ́ gbá a mú, kó fi ọwọ́ kejì gbé ìdí rẹ̀.

Ibi tí ẹ máa gbé àgò sí náà ṣe pàtàkì. Bí ilé yín bá wà lórí òpó, omi wà nísàlẹ̀ nìyẹn. Tí ìgbẹ́ rẹ̀ bá ń já bọ́ láti àárín pákó, inú omi táwọn ọmọ ń wẹ̀ ló ń lọ. Ẹ tẹ́ páànù sí abẹ́ àgò, kí ẹ máa kó o dànù lójoojúmọ́. Ẹ má gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ààrò tí ẹ ti ń yan ẹja, èéfín á pa á. Ẹ má sì gbé e sábẹ́ páànù tí oòrùn ọ̀sán ń nà.

Ó wá kan Lassa. Ìlú Lassa ní Borno ni wọ́n ti kọ́kọ́ mọ àìsàn náà ní 1969, ìpínlẹ̀ Oǹdó wa sì wà lára àwọn ibi tó ti ń pọ̀ jù lónìí. Ẹ bi àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn FMC Ọ̀wọ̀. Eku ọlọ́mú púpọ̀ tó ń wọnú ilé wá jẹ oúnjẹ ló ń gbé e kiri nínú ìtọ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀. Òyà kọ́ ni. Àmọ́ oúnjẹ tí òyà bá jẹ kù ló ń pe eku yẹn wọlé, nítorí náà ẹ gbá ìdí àgò kí ilẹ̀ tó ṣú, kí ẹ sì dé ẹja àti gààrí yín pa. Kí ọmọ yín máa fi ọṣẹ fọ ọwọ́, kó má sì fi ẹnu ko ẹran lẹ́nu. Mo rí àwọn èèyàn tí wọ́n ń ṣe é lórí fóònù, mi ò fẹ́ràn rẹ̀. Ní 2003, àwọn oníṣòwò kó nǹkan bí 800 ẹran kéékèèké láti Gánà lọ sí Texas kí àwọn èèyàn lè máa sìn wọ́n nínú ilé, òkété sì wà níbẹ̀. Àwọn ẹran yẹn kó àìsàn mpox ran ẹran tí wọ́n ń pè ní prairie dog, èèyàn 47 ló sì kó o lára àwọn prairie dog. Kò sí ẹni tó kú, ṣùgbọ́n láti ọdún náà ni Amẹ́ríkà ti fòfin de kíkó eku ilẹ̀ Áfíríkà wọlé.

Ohun tí kò sí nínú fídíò ọmọ yín ni pé degu kì í ju gíráàmù 300 lọ. Òyà yín lè wọn kílò mẹ́rin, ó lè wọn mẹ́fà. Kò ní wà lórí itan ẹnikẹ́ni lọ́dún tó ń bọ̀. Bẹ́ẹ̀ ló sì ṣe jẹ́ pé kò fẹ́ dá gbé, gẹ́gẹ́ bí degu. Ojú ọjà ni mo fi wo ọ̀rọ̀ yín, Ìyá Àbígbẹ̀yìn. Ní Godomey lẹ́gbẹ̀ẹ́ Kútọnu, ìjọba Benin àti Jámánì jọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láàárín ọdún 1980 sí 1990 láti sọ òyà di ẹran ọ̀sìn, ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ níbẹ̀ àti lọ́dọ̀ wa ló sì ń jẹun nídìí rẹ̀ báyìí. Ọmọ ọdún 13 tó lè gé koríko láràárọ̀ láìjẹ́ pé wọ́n rán an ti ní ohun tí iṣẹ́ náà ń béèrè.

Kí ẹ tó ra èyí tí yóò bá a gbé, ẹ yí òyà náà padà kí ẹ wo abẹ́ rẹ̀. Tí ojú ìtọ̀ àti ihò ìdí bá sún mọ́ra pẹ́kípẹ́kí, abo ni. Tí àyè bá wà láàárín wọn, akọ ni. Akọ méjì tó ti dàgbà kò lè gbé àgò kan, wọ́n á ya ara wọn jẹ. Ẹ béèrè dókítà ẹran ní ẹ̀ka iṣẹ́ àgbẹ̀ ìjọba ìbílẹ̀ ní Igbókòdá kó bá yín wò ó, nítorí lára ọmọ kékeré ojú lè tan èèyàn. Kí ẹ sì kọ̀wé padà sí wa ohun tó bá sọ, torí iye àgò tí ẹ máa kàn àti irú ẹran tí ẹ máa rà tì í wà lọ́wọ́ ìyẹn.