Abẹ́ Jíìpù Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Wò

Aṣọ ńlá kọ́ ni èèyàn ńlá. Ẹni tó bá ń wá jíìpù àlòkù tó lè gba inú ẹrẹ̀ àti orí àpáta ní Atlanta níbí, kó fi òwe yìí sọ́kàn kó tó dé Buford Highway, tàbí Tara Boulevard ní Jonesboro, níbi tí àwọn tó ń ta ọkọ̀ tò sí lọ bẹẹrẹ. Wọ́n á ti fọ ọkọ̀ mọ́ tónítóní, wọ́n á ti fi ọ̀dà dúdú kùn ún lábẹ́, wọ́n á sì ti gbé e sórí táyà ràgàjì. Ojú á rí i, ọkàn á fà sí i. Bẹ́ẹ̀, abẹ́ ni jíìpù tó ti gun òkè rí ti ń bàjẹ́, kì í ṣe ara.

Nítorí náà, ẹ tẹ́ páálí sílẹ̀, kí ẹ fẹ̀yìn lé e, kí ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí ṣáásì, irin gígùn méjì tó gbé gbogbo ọkọ̀ dúró. Ẹni tó bá fi pẹ̀lẹ́ pa èèrà ló ń rí ìfun rẹ̀. Apá ẹ̀yìn, níbi tí irin ti tẹ̀ kọjá lókè táyà, ni kí ẹ ti pẹ́ jù, torí ibẹ̀ ni ẹrẹ̀ ń há sí. Ẹ fi ìdí sùkúrù-díráfà gbá a díẹ̀díẹ̀. Irin tó le á dún ketekete. Èyí tí ìpẹtà ti jẹ nínú kì í dún dáadáa, ẹ̀rún pupa á sì máa já bọ́ láti ara rẹ̀, kí ẹ yáa dijú. Bí ọ̀dà bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ lábẹ́ ọkọ̀ tó ti lo ọdún 15, ẹ béèrè ohun tí wọ́n fi bò mọ́lẹ̀.

Georgia kì í fi bẹ́ẹ̀ da iyọ̀ sójú títì nígbà òtútù bíi ti Ohio, Michigan àti New York, ìdí nìyẹn tí abẹ́ ọkọ̀ tó dàgbà síbí fi máa ń mọ́. Àmọ́ ọkọ̀ tí ẹ bá ní Atlanta lónìí lè ti lo ọdún mẹ́wàá ní Cleveland ní Ohio. Bí ẹ bá gba ìtàn ọkọ̀ lọ́dọ̀ Carfax, ẹ má wo ìjàǹbá nìkan, ẹ wo ìpínlẹ̀ tó ti gbé. Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé Toyota ni, ó ti parí. Lọ́dún 2016, Toyota gbà láti yanjú ẹjọ́ lórí ṣáásì tí ìpẹtà ń jẹ lára Tacoma 2005 sí 2010, Tundra 2007 sí 2008 àti Sequoia 2005 sí 2008. Wọ́n ṣírò pé àdéhùn náà lè tó bílíọ̀nù 3.4 dọ́là. Bó bá jẹ́ ọ̀kan nínú wọn lẹ fẹ́ rà, ẹ béèrè ìwé tó fi hàn pé wọ́n yẹ ṣáásì rẹ̀ wò tàbí pé wọ́n pààrọ̀ rẹ̀.

Nissan náà ní tirẹ̀. Nínú Xterra, Pathfinder àti Frontier láti 2005 sí 2010, inú rédíétọ̀ kan náà ni omi ẹ́ńjìnnì àti òróró jíà ti ń tutù. Bí ohun tó pín wọn níyà bá sán, omi á wọnú jíà, jíà á sì kú. Ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì fa òróró jíà díẹ̀ jáde. Bó bá dà bíi tíì tí wọ́n bu mílíìkì sí, ẹ dìde níbẹ̀.

Agbára kí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ máa fà ni à ń torí rẹ̀ ra irú ọkọ̀ yìí, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ẹni tó ń tà á kò lò ó rí. Ẹ wá ibi tí òkúta wẹ́wẹ́ tàbí koríko wà, kì í ṣe orí títì ọlọ́dà tó gbẹ. Ẹ fi sí 4H, ẹ wà á lọ díẹ̀. Ẹ dúró, ẹ fi jíà sí N, kí ẹ tó fi sí 4L. Bí iná rẹ̀ bá ń ṣẹ́jú tí kò dúró, nǹkan kan ti kú lábẹ́.

Ìjì Helene ti September 2024 fi omi bo ibi púpọ̀ láti Florida títí dé ìwọ̀-oòrùn North Carolina, ó sì gba Georgia kọjá. Ọkọ̀ tó mu omi máa ń rìnrìn àjò. Ẹ fa bẹ́líìtì ìjókòó jáde tán pátá kí ẹ wo ìdí rẹ̀ bóyá ẹrẹ̀ wà níbẹ̀, kí ẹ sì fi nọ́ńbà ọkọ̀ náà wá a lórí ìkànnì VINCheck ti àjọ NICB, ọ̀fẹ́ ni.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Lẹ́yìn owó ọkọ̀, owó orí TAVT wà tí Georgia ń gbà, ìdá 7 nínú ọgọ́rùn-ún láti July 2023: bí ìjọba bá ka jíìpù sí 12,000 dọ́là, 840 dọ́là nìyẹn. Lexus GX 470 tí àwọn èèyàn wa fẹ́ràn ní bẹ́líìtì kan nínú ẹ́ńjìnnì tó yẹ kí a pààrọ̀ ní máìlì 90,000; bí kò bá sí rìsíìtì, ẹ yọ owó rẹ̀ kúrò nínú iye tí ẹ fẹ́ san. Ẹ má sì gbọ́kàn lé e pé ẹ lè dá ọkọ̀ padà láàárín ọjọ́ mẹ́ta, kò sí òfin bẹ́ẹ̀. Bí ìwé ojú fèrèsé bá ti kọ "As Is", àtúnṣe di tiyín.

Èyí tó ń dùn mí jù ni ti àwa-ara-wa. Ọmọ ìlú ẹni ló ń tà á, a jọ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí kan náà, ojú wá ń tì wá láti béèrè. Kò sí ìwọ̀sí nínú kéèyàn sọ pé, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, mẹkáníìkì mi á fẹ́ wo abẹ́ ẹ̀ kí n tó mówó wá." Bí Bọ̀ọ̀dá bá bínú sí ìyẹn, ẹ kí i, kí ẹ máa lọ.

Bí ẹni tó ń tà á kì í bá ṣe dílà, ọjọ́ iṣẹ́ méje lẹ ní láti gbé ìwé lọ sí ọ́fíìsì owó orí káúńtì yín. Ní káúńtì 13 tó yí Atlanta ká, ẹni tó ń tà á ló yẹ kó mú ìwé àyẹ̀wò èéfín wá. Ẹ fi orúkọ orí ìwé ọkọ̀ wé èyí tó wà lórí láísẹ́ẹ̀sì ẹni tó dúró níwájú yín. Bí wọn kò bá bára mu, ẹ má kówó sílẹ̀.