Ẹ̀KỌ́ ÌDÁNÁ: IBO NI GÀÀRÍ TI WÁ?

Oúnjẹ tí kò wọ́n nílé ẹnikẹ́ni nínú wa ni a fẹ́ kọ́ nípa rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Ọmọ ilé-ìwé ń mu ún, àgbà ń fi í tẹ ẹ̀bà. Ọ̀pọ̀ ló rò pé ọ̀dọ̀ àwọn baba ńlá wa ni gààrí ti bẹ̀rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ kọ́.

1. Ìpilẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀
Gúúsù Amẹ́ríkà, níhà ilẹ̀ Brazil, ni ẹ̀gẹ́ ti ṣẹ̀. Àwọn ará ibẹ̀ ti ń rin ín, tí wọ́n ń fún omi rẹ̀, tí wọ́n sì ń yan án kí òyìnbó tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Àwọn Potogí ló gbé e wá sí etíkun Áfíríkà láàárín ọdún 1500 sí 1600. Síbẹ̀, ó pẹ́ kí ó tó tàn ká ilẹ̀ Yorùbá. Ní àwọn ọdún 1800, àwọn ènìyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Brazil bẹ̀rẹ̀ sí í padà wálé, wọ́n sì tẹ̀dó sí Èkó àti àwọn ìlú etíkun mìíràn. Àwọn ni à ń pè ní Àgùdà. Àwọn àti àwọn Sàró tó ti Sierra Leone dé wà lára àwọn tó tan ìmọ̀ gààrí ṣíṣe kálẹ̀.

2. Kí ló dé tí iṣẹ́ rẹ̀ fi pọ̀?
Oró wà nínú ẹ̀gẹ́ tútù. Bí a bá rin ín, omi ara rẹ̀ a máa tú oró náà di afẹ́fẹ́. Fífún un, gbígbé e kalẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan àti iná tí a fi ń yan án ni ó ń lé e lọ. Nítorí náà, kò yẹ kí a fo ìkankan.

Ní àwọn ọdún 1960, Ọ̀jọ̀gbọ́n Osuntokun ti Yunifásítì Ìbàdàn ṣe ìwádìí nípa àìsàn kan ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú. Ẹsẹ̀ àwọn aláìsàn ń kú tipiri, ìrìn wọn ń ta gọ́ọ́gọ̀ọ́, ojú àti etí wọn sì ń ṣe bàìbàì. Ó so ó mọ́ oró ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ń jẹ lójoojúmọ́ láìsí oúnjẹ amáradàgbà tó tó. Irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ ni ara fi ń lé oró náà jáde.

3. Gààrí ṣíṣe nílé
(i) Bó ẹ̀gẹ́, fọ̀ ọ́ mọ́, kí o rin ín.
(ii) Dà á sínú àpò, gbé òkúta lé e, kí o fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ 3 títí dé 5. Má ṣe jẹ́ kí owó ọjà mú ọ kánjú.
(iii) Fọ́ ọ, kí o fi ajọ̀ kù ú.
(iv) Yan án nínú agbada, máa rò ó títí yóò fi gbẹ tí yóò máa dún ṣárá-ṣárá.
(v) Tẹ́ ẹ kí ó tutù kí o tó dì í.

4. Fréjọ̀n
Àwọn Àgùdà Èkó ló mú oúnjẹ yìí wá pẹ̀lú. Ọjọ́ Ẹtì Rere ni wọ́n sábà máa ń jẹ ẹ́. Gààrí dùn lórí rẹ̀, ẹ̀wà inú rẹ̀ sì ń ṣe ara lóore.
Ohun èlò: ẹ̀wà agolo 2, àgbọn ńlá 1, kànáfùrù 3, iyọ̀, ṣúgà díẹ̀.
Sísè: Se ẹ̀wà pẹ̀lú kànáfùrù títí yóò fi rọ̀ dáadáa. Yọ kànáfùrù kúrò, lọ ẹ̀wà náà, kí o sẹ́ ẹ. Rin àgbọn, fi omi gbígbóná fún wàrà rẹ̀. Pò wọ́n pọ̀, fi iyọ̀ àti ṣúgà sí i, gbé e ka iná díẹ̀díẹ̀, kí o máa rò ó títí yóò fi ki. Fi ọbẹ̀ ẹja jẹ ẹ́, kí o wọ́n gààrí sí i.

Ìbéèrè fún ìjíròrò
(a) Ta ni ó mú ẹ̀gẹ́ wá sí Áfíríkà?
(b) Ọjọ́ mélòó ni àwọn tó ń ṣe gààrí ládùúgbò rẹ fi ń gbé e kalẹ̀? Báwo ni a ṣe lè bá wọn sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ìfẹ́?
(d) Kí ni a lè fi kún gààrí àwọn ọmọ wa bí owó kò bá tó ra ẹja?