Àpótí Ìmọ̀: Ẹ̀rọ Orí Ìka Tí Ń Ṣọ́ Aláìsàn

Lóru, nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo lè máa bójú tó odidi wọ́ọ̀dù. Kó tó yí ká dé bẹ́ẹ̀dì ìkẹyìn, èémí ẹni tó wà níbẹ̀ ti lè máa kúrú. Ibẹ̀ ni ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń há mọ́ ìka ti ń gbani. Takuo Aoyagi, onímọ̀ ẹ̀rọ ọmọ Japan, ló gbé ọgbọ́n rẹ̀ jáde ní 1974.

Iná pupa kan wà nínú rẹ̀, àti òmíràn tí ojú kò lè rí. Méjèèjì ń gba inú ìka kọjá. Ẹ̀jẹ̀ tí ọ́síjìn rẹ̀ ti dín kù máa ń gbé iná pupa mì ju èyí tí ọ́síjìn kún inú rẹ̀ lọ. Ìyàtọ̀ yẹn ni ẹ̀rọ fi ń ṣírò ìwọ̀n ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀, nínú ọgọ́rùn-ún. Bó bá kọ 97, kò séwu. Bó bá já sí 88, ẹ tètè pe dókítà.

Ní ìlú Ho Chi Minh, ní Vietnam, wọ́n ti dán irú ẹ̀rọ àfiwọ̀ bẹ́ẹ̀ wò lára àwọn tí ibà dẹ́ńgè àti tẹ́tánọ́ọ̀sì ń bá jà.

Ìka tútù àti ọ̀dà èékánná lè da ẹ̀rọ náà láàmú. Èyí tó kàn wá jù ni àwọ̀ ara: ìwádìí kan láti Michigan, ní Amẹ́ríkà, ní 2020 fi hàn pé àìtó ọ́síjìn tí ẹ̀rọ yìí kò rí lára aláwọ̀ dúdú fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta ti aláwọ̀ funfun. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ láti inú iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ kúrò nínú ọkàn ló dájú jù, àmọ́ ìyẹn ń fẹ́ láábù.