Ọjọ́ wo ni Màmá di àtúnbí?

Ìbéèrè

Àdìrẹ ni mò ń tà ní Ìtòkú. Ṣọ́ọ̀ṣì Pétérù Mímọ́ ní Aké ni wọ́n ti ṣèrìbọmi fún ìyá mi nígbà tí wọ́n wà lọ́mọ ọwọ́. Ibẹ̀ ni wọ́n ti gbéyàwó, wọ́n sì ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún báyìí. Òjò kì í dí wọn lọ́wọ́ ìsìn àárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi. Ọmọ mi obìnrin wọ yunifásítì, ó bọ́ sínú ẹgbẹ́ àdúrà kan, ó sì yí padà lóòótọ́. Irọ́ wẹ́wẹ́ tó máa ń pa tẹ́lẹ̀ ti dópin, mi ò lè purọ́ mọ́ ọn. Àmọ́ nígbà tó wálé fún Àjíǹde, ó dojú kọ ìyá àgbà, ó ní, “Màmá, ọjọ́ wo lẹ di àtúnbí?” Màmá ní àwọn ò mọ ọjọ́ náà. Ọmọ ní a jẹ́ pé wọn ò tíì rí ìgbàlà nìyẹn, pé kí wọ́n lọ tún ìrìbọmi ṣe nínú odò. Ó ní CMS, ìjọ Màmá, kì í ṣe ìjọ ajíhìnrere. Ó tún ní kí èmi bọ́ yẹtí mi. Láti ọjọ́ náà, ìyá mi kò bá a jẹun pọ̀ mọ́. Kí gan-an ni àwọn ajíhìnrere yìí gbà gbọ́? Ṣé òótọ́ lọmọ mi ń sọ?

Ìyá Ìbejì, Ìtòkú, Abẹ́òkúta

Ìdáhùn

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ọ̀rọ̀ ọmọ. Ibi tó pa mí lẹ́rìn-ín ni mo fẹ́ ti bẹ̀rẹ̀: pé CMS kì í ṣe ìjọ ajíhìnrere. Ní 1799, ní Lọ́ńdọ̀nù, ni àwọn àlùfáà àti ọmọ ìjọ Áńgílíkà kan dá ẹgbẹ́ CMS sílẹ̀, ajíhìnrere paraku sì ni wọ́n. Àwọn kan nínú ìjọ wọn gan-an máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé ìtara wọn pọ̀ jù, pé kí ni wọ́n ń bi ẹni tó ti ṣèrìbọmi láti kékeré bóyá ọkàn rẹ̀ ti yí padà sí. Ṣé ẹ rí i? Ìbéèrè tí ọmọ yín bi Màmá, ìbéèrè tó dá ṣọ́ọ̀ṣì Màmá sílẹ̀ ni. Ti àwọn Mẹ́tọ́díìsì náà kò yàtọ̀. John Wesley tó dá wọn sílẹ̀ ti jẹ́ àlùfáà fún ọdún mélòó kan kó tó di ọjọ́ 24 oṣù Karùn-ún, 1738, tó ní ọkàn òun ṣẹ̀ṣẹ̀ wá balẹ̀ pé Kristi ti gba òun là.

Irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀ ló gun òkè wá sí Abẹ́òkúta nígbà ayé Ṣódẹkẹ́, olórí àwọn Ẹ̀gbá. Thomas Birch Freeman ti Mẹ́tọ́díìsì dé ní oṣù Kejìlá 1842, Henry Townsend ti CMS sì dé ní oṣù Kìn-ín-ní 1843. (Bí ẹ bá fẹ́ wo ìjà àgbà, ẹ bi ará Mẹ́tọ́díìsì Ogbè àti ará Aké léèrè èwo nínú wọn ni ìjọ àkọ́kọ́.) Kì í ṣe pé òyìnbó kàn ya wọ̀lú o. Àwọn ọmọ Ẹ̀gbá tí wọ́n kó lẹ́rú, tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà sílẹ̀ lójú òkun tó sì kó lọ sí Sàró, ti ń padà wálé láti nǹkan bí 1839. Àwọn ló ní kí wọ́n rán olùkọ́ wá bá àwọn.

Ẹ bi mí ní ohun tí àwọn ajíhìnrere gbà gbọ́. Àgbélébùú ló wà ní àárín gbùngbùn rẹ̀. Wọ́n ní gbogbo èèyàn ló jẹ Ọlọ́run ní gbèsè tí iṣẹ́ rere kankan ò lè san, Jésù fi ẹ̀mí ara rẹ̀ san án, Ọlọ́run sì jí i dìde. Ẹni tó bá gbà á gbọ́, ó ti bọ́, lọ́fẹ̀ẹ́. Iṣẹ́ rere ń bọ̀ lẹ́yìn, àmọ́ kì í ṣe òun la fi ń ra ìgbàlà.

Nígbà tí Àjàyí Crowther, tó túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá, ń wá ọ̀rọ̀ tí yóò fi gbé èyí kalẹ̀ fún wa, kò lọ jìnnà. Ìràpadà ló mú. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa: rà, padà. Lónìí, orin ìjọ nìkan la ti ń gbọ́ ọ, ó ti fẹ́ẹ̀ di ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Ní Abẹ́òkúta ayé ìgbà yẹn, ọ̀rọ̀ ọjà ni. Ọ̀pọ̀ ilé ló ti ka owó ẹyọ sílẹ̀ láti fi ra ọmọ wọn tí ogun kó padà, ọ̀pọ̀ ló ní ọmọ tó ń sin ìwọ̀fà nítorí gbèsè bàbá. Àjàyí fúnra rẹ̀, wọ́n kó o ní Òṣogùn ní 1821, wọ́n sì fi pààrọ̀ ẹṣin lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tí wọ́n ti fi wé iye ẹṣin rí ló kọ “ìràpadà” sínú Bíbélì wa. Kò sí ẹni tó nílò kí wọ́n là á yé òun.

Ọ̀rọ̀ kejì, ètùtù, òun ló dá wàhálà sílẹ̀. Ètùtù tí ará Ẹ̀gbá mọ̀ kì í tán. Bí a bá ṣe tọdún yìí, a óò ṣe tàmọ́dún. Àwọn wọ̀nyí wá ń sọ pé èyí tó kẹ́yìn ti wáyé, lẹ́yìn odi Jerúsálẹ́mù, kò sì sí òmíràn mọ́. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, kí la tún ń ra obì àti ewúrẹ́ fún? Ní 1849, àwọn tó gba èyí gbọ́ kò bá ará ilé wọn bọ òrìṣà mọ́. Àwọn ará ilú nà wọ́n, wọ́n sì kan àbà mọ́ àwọn kan lẹ́sẹ̀, níhìn-ín, ní Abẹ́òkúta. Ẹ sọ èyí fún ọmọ yín. Ó lè rò pé nínú ẹgbẹ́ àdúrà ni wọ́n ti kọ́kọ́ jìyà nítorí Jésù.

Bíbélì ni àwọn ajíhìnrere fi ń díwọ̀n gbogbo ẹ̀kọ́, ti bíṣọ́ọ̀bù àti ti wòlíì. Ìdí nìyẹn tí wọn ò fi lè ṣe é kí wọ́n má kọ́ wa ní ìwé kíkà. Lẹ́tà sí àwọn ará Róòmù wà lára apá tí Crowther kọ́kọ́ tẹ̀ jáde, ní 1850, n kò sì rò pé ó ṣèèṣì: ìwé tí àwọn ajíhìnrere fẹ́ràn jù nìyẹn, torí pé níbẹ̀ ni Pọ́ọ̀lù ti ṣàlàyé pé ìgbàgbọ́ la fi ń dá èèyàn láre. Odindi Bíbélì Yorùbá jáde ní 1884.

Ó wá ku àtúnbí, èyí tó dájà sílẹ̀ nílé yín. Ìgbàgbọ́ wọn ni pé ọkàn èèyàn gbọ́dọ̀ yí padà, kí Ẹ̀mí Ọlọ́run sọ ọ́ di ẹni tuntun. Ibì kan wà tí ọmọ yín ti jàre: wọn kì í jogún èyí. Jíjẹ́ ọmọ onígbàgbọ́ kò sọ èèyàn di onígbàgbọ́. Àmọ́ pé kí a dárúkọ ọjọ́? Ẹ gbọ́ ìtàn kan.

Crowther tún rí ìyá rẹ̀ ní oṣù Kẹjọ 1846, lẹ́yìn ọdún 25 tí ogun ti tú wọn ká. Àlùfáà ni ọmọ yìí ti dà. Bí ó bá fẹ́, ì bá mú ìyá rẹ̀ lọ sódò ìrìbọmi ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ń kọ́ ọ, ìyá ń gbọ́, ìyá ń wò ó. Ó di oṣù Kejì 1848, bí ọdún kan àbọ̀ lẹ́yìn náà, kí ìyá tó ṣèrìbọmi, tí wọ́n sọ ọ́ ní Hánà. Ó wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ṣe é ní Abẹ́òkúta. Nínú gbogbo oṣù wọ̀nyẹn, ọjọ́ wo gan-an ni ọkàn rẹ̀ yí? Ẹ̀yin tí ẹ mọ aró, ẹ mọ̀ pé aṣọ wà tí yóò mu aró ní rírì kan. Òmíràn, ẹ ó rì í, ẹ ó fẹ́ ẹ sáfẹ́fẹ́, ẹ ó tún rì í, títí yóò fi dúdú. Oníbàárà kì í bi yín pé rírì wo ló pa á dà. Ó ń wo aṣọ ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ajíhìnrere tó mọ ìwé gbà: ẹni tó mọ ọjọ́, ó dáa, ẹni tí kò mọ̀, èso ni kí a wò.

Ní ti ìrìbọmi inú odò, àríyànjiyàn ọmọ ilé kan náà ni. Àwọn Onítẹ̀bọmi, tí Thomas Jefferson Bowen tiwọn dé Abẹ́òkúta ní 1850, ní ẹni tó ti gbàgbọ́ fúnra rẹ̀ nìkan la ń rì. CMS àti Mẹ́tọ́díìsì ń ṣe é fún ọmọ ọwọ́. Ìhà méjèèjì ni ajíhìnrere wà, nítorí náà kò sí lára ohun tí wọ́n fi ń mọ ara wọn. Fífi èdè fọ̀ náà kò sí níbẹ̀. Ó gbilẹ̀ láàárín àwọn ìjọ bíi Rìdíìmù, tí Josiah Akíndayọ̀mi dá sílẹ̀ ní 1952, tí àgọ́ wọn ńlá sì wà ní Ọbáfẹ́mi-Owódé, lórí ilẹ̀ Ẹ̀gbá níbí. Ẹni tó bá sì ń sọ pé kí ẹ mówó wá kí Ọlọ́run tó gbọ́ àdúrà yín, ibòmíràn ló ti kọ́ ọ, kì í ṣe Aké.

Ẹ má bínú sí ọmọ yẹn jù. Wọ́n kọ́ wọn pé ẹni tó ti rí ìhìn rere kò gbọ́dọ̀ dákẹ́, ìyá àgbà ló sì fẹ́ràn jù tó fi kọ́kọ́ lọ bá a. Àmọ́ a kì í ṣe àgbà bí ọlọ́pàá ti ń ṣe afurasí. Ẹ ní kó kúnlẹ̀ bẹ Màmá. Lẹ́yìn náà, kó bi wọ́n pé, “Màmá, kí ni Jésù ti ṣe fún yín?” kó sì jókòó, kó gbọ́ ọ dópin, bó tilẹ̀ di òru. Bíbélì Màmá ni kí wọ́n jọ ṣí, Jòhánù orí 3, níbi tí ọ̀rọ̀ àtúnbí ti wá. Ẹ ní kó ṣàkíyèsí Nikodémù tó wà níbẹ̀: àgbàlagbà ni, olùkọ́ ni, ọ̀rọ̀ náà kò sì tètè yé e. Kò sí ibi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé Jésù bi í léèrè ọjọ́.

Yẹtí yín ńkọ́? Ẹ fi sétí, Ìyá Ìbejì.